Àwo Ọbẹ̀ Irú ní Ilé Ọtí Kinue

Èéfín ń rú lára ọkùnrin náà bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò lórí iná.

Yìnyín ti bo pópó Kanabuchi dé orúnkún. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kò tíì lù. Kinue jáde láti fi aṣọ ẹnu ọ̀nà kọ́, kí àwọn èèyàn lè mọ̀ pé ilé ọtí òun ti ṣí, àfi bó ṣe rí i lódìkejì títì: ọkùnrin gíga kan, ó ká apá ẹ̀wù sókè dé ìgbọ̀nwọ́, kò dé fìlà, kò wé ọrùn, èéfín sì ń rú lórí rẹ̀ àti lápá rẹ̀ méjèèjì bí ìgbà tí èèyàn bá ṣí ìdérí ìkòkò ìrẹsì.

Inú ti ń bí Kinue kó tó jáde. Ẹja tí ẹlẹ́ja gbé wá láàárọ̀ ti funfun lójú, èédú tí wọ́n tà fún un sì tutù. Ó wá ku ẹni tó fẹ́ kú síwájú ilé rẹ̀.

“Ṣé kò sí aṣọ nílé yín ni?” ni ó kígbe.

“Ó wà.”

“Ta ló wá ń wọ̀ ọ́?”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sọdá. “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti ṣí?”

“Ṣé ẹ ò rí aṣọ tí mo ń kọ́ ni?”

Bí wọ́n ṣe pàdé nìyẹn, ní ọdún kẹtàdínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ní ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Akita. Kinue jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Ìjókòó mẹ́fà péré ló wà níwájú káńtà rẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ahọ́n rẹ̀ gbóná ju èédú rẹ̀ lọ, síbẹ̀ ìjókòó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kì í ṣófo, nítorí pé kò sí ẹni tó mọ ẹja í sun bíi tirẹ̀ láti odò títí dé ibùdókọ̀ ojú irin.

Bàbá Sugihara ti wà ní kọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni bàbá yìí fi ja tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdókọ̀ kó tó fẹ̀yìn tì, ní báyìí ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú ló ń já. Ó wo àlejò náà, ó sún díẹ̀ fún un.

Ní ilé ọtí tó bá mọ ara rẹ̀, oníbàárà kì í béèrè àwo kékeré àkọ́kọ́. Ilé ló ń gbé e fún un, ìkíni ilé ni. Ohun tí Kinue fi ń kíni lọ́jọ́ náà ni ọbẹ̀ irú: nattō, ẹ̀wà sóyà tí wọ́n sọ di irú, tó ń fà yọ̀ọ̀ bí ilá, tí ó gún kúnná, tí ó pò mọ́ omi ọbẹ̀ pẹ̀lú olú àti wàrà sóyà. Ó gbé e síwájú ọkùnrin náà, ó yíjú sí orù sakè, ọtí ìrẹsì, tó ń móoru nínú omi.

Nígbà tó yí padà, ọkùnrin náà ti fi ìka kan ṣoṣo ti àwo náà sẹ́yìn. Ó fà sẹ́yìn lórí ìjókòó bí ẹni pé ọbẹ̀ náà lè bù ú ṣán.

“Kí ló ṣe é?”

“Kò ṣe nǹkan kan. Ẹ má bínú. Mi ò jẹ ẹ́ ni.”

“Ẹ ò tíì tọ́ ọ wò.”

“Mi ò jẹ ẹ́.”

Bàbá Sugihara mí kanlẹ̀. “Arákùnrin, kéèyàn tó sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn nínú ilé yìí, bàtà ló kọ́kọ́ máa ń wọ̀.”

“Ìyá mi ló kọ́ mi ní ọbẹ̀ yìí,” ni Kinue sọ. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n sì mọ̀ pé ìgbà tó bá rọlẹ̀ ló burú. “Ẹni tó bá kọ ìkíni ilé mi kò ní mu ọtí ilé mi.”

“Mo lè san owó rẹ̀ láìjẹ ẹ́.”

“Owó? Kí o sanwó kí ọbẹ̀ mi wá jókòó máa wò ẹ́ lójú? Dìde ńbẹ̀!”

Ọkùnrin náà dìde. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó tẹ̀ríba gan-an, títí èéfín tó kù lórí rẹ̀ fi fẹ́ sórí ilẹ̀. Ìtẹríba yẹn tún wá bí Kinue nínú ju gbogbo ìyókù lọ, nítorí pé ẹni tó bá ń gbéra ga kì í tẹ̀ríba báyẹn, òun kò sì wá mọ ohun tí òun ń bínú sí mọ́.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ní wákàtí yẹn gan-an, ó tún dé. Kò wọlé. Ó dúró sínú yìnyín.

“Ṣé mo lè wọlé?”

“Ṣé wàá jẹ ohun tí mo bá gbé fún ẹ?”

“Kí ni lónìí?”

“Rádíṣì tí wọ́n fi èéfín gbẹ.”

“Màá jẹ ẹ́.”

“Tó bá jẹ́ ọbẹ̀ irú ńkọ́?”

“Màá padà sílé, màá wá lọ́jọ́ mìíràn.”

Kinue wò ó títí. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé kì í dáhùn báyẹn. “Wọlé,” ni ó sọ, “kí o tó di yìnyín sí mi lẹ́nu ọ̀nà. Kí ni wọ́n ń pè ẹ́?”

“Iwao.”

“Èmi máa pè ẹ́ ní Eléèéfín.”

Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni Iwao ń wá, láti aago mẹ́rin sí aago márùn-ún, kì í fi ìṣẹ́jú kan kọjá. Ó sọ pé ilé ìlapákó lókè odò ni òun ti ń ṣiṣẹ́. Ó máa ń jẹ ẹja hatahata tòun ti ẹyin rẹ̀, tí ń dún kàkà lẹ́nu. Ilẹ̀kùn tó ti ń há láti ìgbà tí ìyá Kinue ti wà láyé, ó yọ ọ́, ó fá ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó gbé e padà, ìka kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń ṣí i láti ọjọ́ náà. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan tó sọ̀rọ̀, ìjà ló dá sílẹ̀.

“Kinue, omi tí o fi ń mú sakè yìí móoru ti ń hó jù. Ọtí yìí kò fẹ́ ooru tó bẹ́ẹ̀. Ka ogójì, kí o yọ ọ́.”

“Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń gbé ọtí kalẹ̀ fún ìlú yìí. Ilẹ̀kùn tí o tún ṣe yẹn, wò ó, ó rọrùn láti ṣí. Gba ibẹ̀ lọ.”

Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ tán, ó ka ogójì, ó yọ ọ́, ó tọ́ ọ wò. Òótọ́ ni. Inú bí i fún ọjọ́ méjì gbáko. Nígbà tí Iwao tún dé, ó gbé orù náà síwájú rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ ń sọ pé kó dán an wò kó sọ nǹkan kan. Iwao tọ́ ọ wò. Kò ní “ṣé mo sọ fún ẹ.” Ó mú ife mìíràn, ó rọ ọtí sínú rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lé iwájú Kinue.

Kinue dúró. Níbẹ̀, ẹnì kan kì í rọ ọtí fún ara rẹ̀, ẹnì kejì ló ń rọ ọ́ fún un. Òun tó ń rọ ọ́ fún gbogbo ìlú láti ọdún mẹ́fà, kò rántí ẹni tó rọ ọ́ fún òun rí.

“Mu ún, Oníná,” ni Iwao sọ, “kó má baà tutù.”

“Ta ni Oníná?”

“Kò sí ẹlòmíràn nínú ilé tó ń jó.”

Bàbá Sugihara bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. “Kinue, mo rí i pé o ti ń ya irun ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún. Ṣé kàlẹ́ńdà irun ni?”

“Bàbá, ẹ jẹ ẹja yín, kí egungun má baà há yín lọ́fun.”

“Egungun kọ́ ló há mi lọ́fun, ọmọ mi. Ẹ̀rín ni.”

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì, àyájọ́ ọjọ́ tí ìyá Kinue kú, ọbẹ̀ irú ló wà lórí iná láti àárọ̀. Ó bọ́ sí ọjọ́ tí Iwao máa wá. Kinue pa ìyẹn mọ́lẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀, kò fẹ́ bá a jà lọ́jọ́ náà. Ó bu ọbẹ̀ sí àwo, ó gbé e síwájú rẹ̀, ó ní, “Má jẹ ẹ́ bí o ò bá fẹ́. Jẹ́ kó kàn jókòó tì ẹ́. Ọjọ́ ìyá mi ni.”

Ó wá sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kọkànlá, bàbá rẹ̀ di ẹrù, ó ní iṣẹ́ ń bẹ ní èbúté Sendai, òun máa dé bí igi òdòdó bá rúwé. Àpò ẹ̀wà sóyà kan ni aládùúgbò fún wọn. Ọjọ́ mọ́kànléláàádọ́rin ni òun àti ìyá rẹ̀ fi jẹ ọbẹ̀ irú, láàárọ̀ àti lálẹ́. Ní ọjọ́ kejìléláàádọ́rin ìyá rẹ̀ ta aṣọ òtútù kan ṣoṣo tó ní. Igi rúwé. Ọdún méjì kọjá kí ẹnì kan tó dé láti Tokyo, ó ní òun rí bàbá náà níbẹ̀ pẹ̀lú obìnrin mìíràn, kò tilẹ̀ dé Sendai rí.

“Kó lọ, mo lè fara da ìyẹn,” ni Kinue sọ. Ó ń nu ibi kan náà lórí káńtà láti ìgbà tó ti ń sọ̀rọ̀. “Ebi, mo fara dà á. Àmọ́ ìyá mi máa ń yíjú sí ìhà Sendai tó bá ń gbàdúrà. Ọdún méjì ló fi yíjú sí ibi tí ọkùnrin náà kò sí. Irọ́ yẹn ni mi ò lè dárí jì. Gbogbo nǹkan ni mo lè gbà lọ́wọ́ èèyàn, Iwao, àfi irọ́.”

Ibẹ̀ ló yẹ kí Iwao ti la ẹnu. Kò là á. Ó wo àwo náà, ó wo obìnrin náà, ó fa ọbẹ̀ súnmọ́ ara rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́ dé ìsàlẹ̀, ó fi omi tó kù fọ àwo náà yíká, ó mu ìyẹn náà.

“Ó dùn,” ni ó sọ. “Ó ti pẹ́ tí mo ti jẹ ẹ́ kẹ́yìn.”

“Láti ìgbà wo?”

“Oṣù kẹwàá.”

Kinue rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Ta ló ń ṣírò ọjọ́ tó jẹ irú kẹ́yìn?

Iwao dìde kí aago márùn-ún tó lù. “Mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ bá ẹ sọ nígbà tí mo bá tún dé.”

“Sọ ọ́ báyìí.”

“Ó di ọjọ́ karùn-ún.”

Ọjọ́ karùn-ún pé, Iwao kò wá. Kinue sun ẹja kan mọ́ ojú iná títí ó fi di èédú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹfà, bó ṣe ń kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà, Bàbá Sugihara dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Ṣé o ti gbọ́? Ìrẹsì ilé ìpọntí lókè odò ti bàjẹ́! Ìrẹsì tí wọ́n ń jẹ́ kó bu, tó jẹ́ ìyá sakè, ó ń yọ̀, ó ń fà. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n kó dà nù. Ẹnì kan ti jẹ irú nínú wọn!”

Kò sí ọmọdé tí kò mọ èèwọ̀ yẹn ní Kanabuchi. Láti oṣù kẹwàá títí yìnyín fi ń yọ́, apọntí kì í fi irú kan ẹnu. Ohun tó ń sọ ẹ̀wà di irú máa ń tẹ̀lé èèyàn, lára aṣọ, lábẹ́ èékánná, nínú èémí, bó bá sì wọ yàrá gbígbóná tí wọ́n tẹ́ ìrẹsì sí, ìrẹsì ti kú nìyẹn.

“Gonji tó ń pọntí níbẹ̀ ni wọ́n ní ó máa lọ,” ni Bàbá Sugihara ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. “Ọmọ rẹ̀ fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí i lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní irú ló máa wà nínú rẹ̀. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n níbẹ̀, kí wọ́n lé arúgbó…”

Kinue kò gbọ́ ìyókù. Yàrá gbígbóná. Èéfín lápá. Oṣù kẹwàá. Aago márùn-ún tí kì í kọjá. Ẹnu tó mọ iye ooru tí ọtí ń fẹ́. Gbogbo rẹ̀ wà níwájú òun láti ìgbà yìí wá, òun sì ń ya irun.

Nígbà tó gbé ojú sókè, Iwao ń bọ̀ láti òpin títì. Ó wọ ẹ̀wù aláró àwọn apọntí, orúkọ ilé ìpọntí wà gàdàgbà lẹ́yìn rẹ̀, ẹrù kan wà léjìká rẹ̀. Bàbá Sugihara wò ó, ó wo Kinue, ó wọlé lọ wẹ́rẹ́.

“Èmi ni,” ni Iwao sọ. “Mo ti sọ fún ọ̀gá láàárọ̀ yìí. Mo fẹ́ wọ ọkọ̀ aago méjì. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ fún ẹ.”

“O mọ̀ pé o ò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́.”

“Mo mọ̀.”

“O sì jẹ ẹ́.”

“O gbé e síwájú mi lọ́jọ́ ìyá rẹ. Mo rò pé màá sọ fún ọ̀gá pé inú ń run mí, kí n yẹra fún yàrá ìrẹsì fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tó yẹ kó wọbẹ̀ ṣubú lórí yìnyín, ó dá lẹ́sẹ̀. Ọ̀gá pè mí. Mo fi omi gbígbóná wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta…”

“Ẹnu rẹ ńkọ́?”

“Ojú tì mí.”

“Ojú tì ẹ́!” Kinue na ṣọ́bìrì tó fi ń kó yìnyín sí i. “O sọ fún mi pé pákó lò ń là! Mo jókòó sọ ọ̀rọ̀ bàbá mi fún ẹ, ìwọ jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú irọ́ tìrẹ lẹ́nu, o fi ọbẹ̀ ìyá mi sìn ín sínú!”

“Wọn kì í jẹ́ ká dé ilé ọtí nígbà ìpọntí. Bí mo bá sọ ọ́, o ò ní jẹ́ kí n wọlé.”

“Òótọ́ ni, mi ò ní jẹ́ kí o wọlé! Èmi ló yẹ kí n pinnu ìyẹn, o gbà á lọ́wọ́ mi! Ìkòkò ìyá mi lo fi ba iṣẹ́ àwọn èèyàn jẹ́. Bí mo bá ti mọ̀ ni, ǹ bá kúkú da ọbẹ̀ náà sínú yìnyín pẹ̀lú ọwọ́ ara mi. Lọ. Lọ síbi tí ò ń lọ. Má sọ ibẹ̀ fún mi, mi ò ní gbà ẹ́ gbọ́.”

Iwao tẹ̀ríba bó ṣe tẹ̀ríba lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó lọ. Kinue kó yìnyín títí ó fi dé òkúta títì, ó ń gbá òkúta náà.

Ọjọ́ kejì, bó ṣe ń fi aṣọ kọ́ sẹ́nu ọ̀nà, arúgbó kúkúrú kan dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó fi aṣọ bo imú, kí irú má baà tẹ̀lé e padà. Ọwọ́ rẹ̀ funfun, ó jọ̀lọ̀ bí ọwọ́ ọmọ ọwọ́, ọwọ́ ẹni tó ti fi ogójì ọdún pa ìrẹsì láàárín àtẹ́lẹwọ́. Kinue mọ̀ ọ́n: Kumagai, olórí àwọn apọntí.

“Ṣé ibí ni ọmọ iṣẹ́ mi ti jẹ irú?”

“Ó sọ fún yín?”

“Ó sọ pé òun jẹ ẹ́. Mo bi í níwájú èèyàn mọ́kànlá pé ilé ta ni, ó kọ̀. Mo gbá a létí. Kò sọ. Ọkùnrin tó ń ja tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀ ló sọ fún mi, mi ò sì tíì bi í rárá.”

Nínú ilé, Bàbá Sugihara ń wo inú ife rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan bọ́ síbẹ̀.

“Ẹ ti rí mi báyìí,” ni Kinue sọ. “Ẹ gbá èmi náà létí kí ẹ máa lọ.”

“Kí ni n óò gbá? Ṣé ìwọ lo ṣí i lẹ́nu?” Arúgbó náà fi ọ̀pá gún yìnyín. “Mo ti ní kí Gonji di ẹrù. Ó ń dì í, kò sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀, kò sí ẹni tí ì bá mọ̀ láéláé! Ọmọ yẹn dìde lẹ́nu oúnjẹ àárọ̀, ó ní, ‘Èmi ni.’ Ìgbà òtútù mọ́kànlá ni mo fi kọ́ ọ. Òun ni mo fẹ́ fi yàrá náà lé lọ́wọ́. Mo fẹ́ wo ojú obìnrin tó gbà á lọ́wọ́ mi.”

“Ta ló gbà á? Ṣé èmi ni mo lé e?”

“Èèwọ̀ ni! Bí mi ò bá lé e, kí ni màá sọ fún ẹni tó bá tún jẹ ẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀?”

“Ẹ ó ní kó ṣe bíi ti Iwao, kó la ẹnu!” Ohùn Kinue gba títì kan. “Ẹ̀kọ́ wo lẹ kọ́ àwọn yòókù báyìí? Pé ẹni tó bá sọ òótọ́ ló ń di ẹrù, ẹni tó bá dákẹ́ ló ń jẹun ọ̀sán! Ẹnì kan ṣoṣo tó lè sọ fún yín nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ lé e jáde sínú òtútù. Ẹ máa pọntí yín lọ pẹ̀lú àwọn adákẹ́!”

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde tán kó tó gbọ́ ohun tí òun ń sọ.

Kumagai náà gbọ́ ọ. Ó ṣí aṣọ kúrò nímú díẹ̀. “Mo lọ wò ó ní ibùdókọ̀ lánàá,” ni ó sọ, ohùn rẹ̀ ti sọ̀kalẹ̀. “Ẹ̀yìn ògiri ni mo dúró sí, kó má baà rí mi. Wákàtí kan ló fi dúró sínú yìnyín kí ọkọ̀ tó dé. Ó ti ní òun fẹ́ kọ́kọ́ yà síbì kan. Ṣé ibẹ̀ fún un ní oúnjẹ ọ̀sán?”

Kinue yíjú sí aṣọ ẹnu ọ̀nà, ó ń tún un kọ́.

“Tsunaki ni abúlé wa,” ni arúgbó náà sọ, ó ti yí ẹ̀yìn padà. “Ilé kẹta lẹ́yìn afárá. Mi ò sọ nǹkan kan fún ẹ o. Inú ṣì ń bí mi.”

“Inú ń bí èmi náà!” ni Kinue kígbe tẹ̀lé e.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, aṣọ ẹnu ọ̀nà kò jáde fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́fà. Bàbá Sugihara bá a níbi tó ti ń ti ilẹ̀kùn.

“Èmi ńkọ́? Kí ni kí n jẹ?”

“Ẹ jẹ ahọ́n yín. Ó gùn tó.”

Wákàtí méjì àbọ̀ ló lò nínú ọkọ̀ ojú irin, wákàtí kan nínú bọ́ọ̀sì, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn ìyókù. Gbogbo ọ̀nà ni ó fi ń to ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ. Ó tò ó dáadáa, èébú níbi tó yẹ kí èébú wà, ìdákẹ́jẹ́ níbi tó yẹ kí ìdákẹ́jẹ́ wà. Ó kọjá afárá, ó ka ilé kan, méjì, mẹ́ta. Ó dúró láti mí. Ìṣùpọ̀ yìnyín kan tó tóbi tó àgùntàn já láti òkè, ó bo orí rẹ̀, ó wọ inú ọrùn aṣọ rẹ̀ lọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti tò fọ́nká.

“Iwao! Ṣé ojú rẹ ti fọ́ ni?”

Lórí òrùlé, ṣọ́bìrì dúró nínú afẹ́fẹ́. “Kinue?”

“Ta lò ń retí? Sọ̀kalẹ̀ wá, kí n bú ẹ!”

“Mi ò lè sọ̀kalẹ̀. Ìdajì yìnyín òrùlé ni mo tíì kó, bí mo bá fi í sílẹ̀ báyìí, òrùlé máa ya lulẹ̀. Bú mi láti ibẹ̀.”

Ó bú u láti ibẹ̀. Ó pè é ní òpùrọ́, ó pè é ní alápákó, ó pè é ní ẹni tó lè jẹ́wọ́ níwájú èèyàn mọ́kànlá ṣùgbọ́n tí kò lè jẹ́wọ́ níwájú ẹnì kan. Fèrèsé ilé kejì ṣí. “Mo tún ní kí o lọ, o sì lọ! Ta ló ń lọ báyẹn? Mo ti lé ẹ rí, o padà lọ́jọ́ karùn-ún!”

“Òní ṣì ni ọjọ́ kẹta, Kinue.”

Kinue gbọn yìnyín kúrò nínú ọrùn aṣọ rẹ̀. Iwao fi àgbọ̀n ti ọwọ́ ṣọ́bìrì. Èéfín ń rú lórí rẹ̀, iṣẹ́ ti mú un gbóná.

“Bi mí ní ohun tí o wá bi mí,” ni ó sọ.

“Ṣé wàá tún pọntí?”

Ó lè sọ pé rárá. Ó rọrùn láti sọ, òun náà sì mọ ẹni tó dúró nísàlẹ̀: ọmọbìnrin tí bàbá rẹ̀ di ẹrù ní oṣù kọkànlá.

“Màá pọn ọ́n,” ni ó sọ. “Ibikíbi tó bá gbà mí. Bí mo bá ní mi ò ní ṣe é mọ́, irọ́ ni màá tún pa. Bó bá di oṣù kẹwàá, màá lọ, títí yìnyín á fi yọ́.”

“Oṣù mẹ́fà.”

“Oṣù mẹ́fà, lọ́dọọdún.”

Inú bí Kinue sí oṣù kẹwàá. Inú bí i sí sakè, sí ìrẹsì, sí bàbá rẹ̀, sí gbogbo ọkùnrin ilẹ̀ Akita tó ń di ẹrù bí òtútù bá dé. Ṣùgbọ́n bó ti ń wá irọ́ nínú ohun tó gbọ́, kò rí i. Ó wò ó yíká, kò sí níbẹ̀.

“Wàá sọ ibi tí ò ń lọ fún mi. Orúkọ ìlú, orúkọ ilé, orúkọ ọ̀gá.”

“Màá sọ.”

“Wàá sọ ọjọ́ tí wàá dé.”

“Màá sọ.”

“Bí o bá fi ọjọ́ kan lé e, èmi fúnra mi máa wá wọ́ ẹ jáde láàárín ìrẹsì. Kò kàn mí bí wọn ò bá ń jẹ́ kí obìnrin wọbẹ̀.”

“Mo gbà.”

“Kí lò ń gbà? Mi ò tíì bi ẹ́!”

“Bi mí, nígbà náà.”

“Ṣé wàá fẹ́ mi ni àbí o ò ní fẹ́ mi?” Ó pariwo rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí fèrèsé ilé kẹrin náà fi ṣí.

“Màá fẹ́ ẹ, Oníná. Mo ti fẹ́ sọ ọ́ láti ọjọ́ karùn-ún tí mi ò wá yẹn.”

Ilẹ̀kùn ilé yọ́ ṣí. Ìyá arúgbó kan tó ti tẹ̀ kọdọrọ yọjú, ó fi ọwọ́ bo ojú nítorí ìmọ́lẹ̀ yìnyín.

“Iwao, ta ló ń jà níta?”

“Ìyàwó mi ni, Ìyá.”

“Ìyàwó wo?”

“Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo ní, Ìyá. Èyí tó ń bínú yẹn.”

Ìyá náà wo Kinue láti orí dé ẹsẹ̀, yìnyín lórí rẹ̀, yìnyín léjìká rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ tó di ẹ̀ṣẹ́. “Ṣé bí ìbínú rẹ̀ ṣe máa ń rí nìyí lójoojúmọ́?”

“Lójoojúmọ́, Ìyá.”

“Ó dáa,” ni ìyá náà sọ, ó sì sún kúrò lẹ́nu ọ̀nà kó lè ráàyè wọlé. “Ilé yìí ti dákẹ́ jù.”

Kinue la ẹnu láti fún un lésì, ẹkún ló jáde. Ìyẹn náà bí i nínú.